Ṣé ká gba ọmọ tó ń sọ ìtàn gbọ́? Ọ̀rọ̀ lórí Kambili inú ìwé Purple Hibiscus

   Èmi ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn. Ẹ forí jì mí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, inú ìsọ̀ ni mo wà, ẹni tó ń lọ ata ò jìnnà sí mi. Ẹni tó ń bá wa kọ ohùn sílẹ̀ fún àwọn tí ò ráyè gbọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́rin kó má baà jẹ dátà yín jù.

Ohùn kìíní

Ẹ ó rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá wa kan ní Kaduna béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Ọmọ wọn tó wà ní SS2 ń ka ìwé Purple Hibiscus, ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ, tó jáde lọ́dún 2003. Bàbá mú un wò, wọ́n ka díẹ̀ níbẹ̀, inú wọn ò sì dùn. Wọ́n ní ọmọ ọdún 15 ló ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá rẹ̀ gan-an ló sì ń rojọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní, ṣé ẹnu ọmọ la ti máa gbọ́ ẹjọ́ bàbá ẹ̀? Ta ló ti gbọ́ ti bàbá?

Ọ̀rọ̀ di rannto. Àwọn kan ní ọmọdé kì í parọ́. Àwọn kan ní ọmọ ayé ìsinsìnyí, irọ́ ni wọ́n ń jẹ bí oúnjẹ. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìgbò ni, kí ló kàn wá níbẹ̀. Ìgbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, alága ti gúrúùpù pa, kálukú lọ sùn.

Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé mi ò ní nǹkan sọ. Enugu tí mo ti ń tà àdìrẹ láti ọdún 19 sẹ́yìn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin náà ti ka ìwé yìí, òun ló ń kà á sí mi létí nínú ìsọ̀ lásìkò òjò tí kọ́sítọ́mà ò bá jáde. A kà á tán láàárín oṣù méjì. Nǹkan tí mo rí nínú rẹ̀ kàn mí gan-an, mo sì máa sọ bó ṣe kàn mí kí n tó ṣíwọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè bàbá wa dáa. Àwa Yorùbá náà ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, a ò bi í bó ṣe yẹ. A ń bi pé ṣé ọmọ náà ń parọ́ àbí òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ lè má parọ́ rárá kí ìwọ tó ń gbọ́ ọ sì ṣìnà. Ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ohùn kejì

Kí n kọ́kọ́ fi ìtàn náà yé ẹni tí ò tíì kà á. Mo máa tú ìparí rẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ kà á fúnra rẹ̀, kó dá ohùn dúró níbí.

Kambili Achike lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Jaja, jẹ́ ọmọ ọdún 17. Inú ilé ńlá olódi ni wọ́n ń gbé ní Enugu. Bàbá wọn, Eugene, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì àti ohun mímu. Ó tún ní ìwé ìròyìn kan, Standard, tí kì í bẹ̀rù àti sọ òótọ́ lójú ìjọba ológun. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Ade Coker, bọ́ǹbù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nílé ló pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú lọ́dún 1986, mo mọ ẹni tó máa wá sí yín lọ́kàn: Dele Giwa, tí bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa l'Ékòó ní October 19 ọdún yẹn.

Eugene yìí lawọ́. Ó ń san owó ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ní Abba, abúlé wọn, Omelora ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣe fún ìlú. Ọkùnrin yìí kan náà, tó bá ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó ń na ìyàwó, ó ń na ọmọ. Ó ní ẹ̀kọ́ ìsìn ni òun fi ń kọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ ká tìtorí ẹ̀ bú ṣọ́ọ̀ṣì o. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ifeoma, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan náà ló ń lọ, ẹ̀rín ló kún ilé tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ifeoma yìí làwọn ọmọ méjèèjì lọ lo ìsinmi. Ẹ gba Ninth Mile, ẹ gba Opi, ẹ ti dé Nsukka nìyẹn, ìrìn àjò tí àwa ń lọ táa ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n fún Kambili, ayé mìíràn ni.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú Imọ̀ Ọ̀pẹ. Jaja kọ̀, kò gba kòmúníọ̀n. Bàbá fi ìwé àdúrà ńlá sọ̀kò, ó bà àwọn ère kéékèèké tí ìyá wọn tò sórí pẹpẹ, wọ́n fọ́. Lẹ́yìn náà ni Kambili mú wa padà sẹ́yìn láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, ó tún wá mú wa lọ síwájú. Ní ìparí, bàbá kú. Ìyá wọn ló ń fi májèlé sínú tíì rẹ̀. Jaja ní òun ni òun ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ìwé máa fi parí, Jaja ti lo ohun tó ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ níbẹ̀, Kambili náà ti dàgbà sí i.

Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú. Èèyàn méjì ló wà lẹ́nu kan. Ọmọ tó rí nǹkan náà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń rò ó lẹ́yìn tí bàbá ti kú náà wà níbẹ̀. Ẹni kejì yìí ti mọ ìparí, síbẹ̀ ó gbà kí ẹni kìíní sọ ọ́ bó ṣe rí lójú ẹ̀ nígbà náà. Kì í sábà já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ibí yìí ni mo ti gọ̀. Àwa tí à ń kà á ló kù sí lọ́wọ́ láti wò ó.

Ohùn kẹta

Báwo la ṣe máa wò ó? Bí àwa oníṣòwò ṣe ń wo ẹrù náà ni. Tí ẹrù àdìrẹ bá dé láti Abẹ́òkúta, n kì í sọ pé gbogbo ẹ̀ ló dáa tàbí pé gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Mo máa tú u ni, màá wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eléyìí ò ní ṣí, eléyìí máa ṣí. Ọ̀rọ̀ Kambili náà, mo tú u sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó fojú rí, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àti ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè gbé.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tó fojú rí. Ibẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ojú ọmọ yẹn mú. Ó máa sọ ìró tó gbọ́ láti yàrá àwọn òbí rẹ̀, bí ohun tó wúwo tó ń bá ilẹ̀kùn. Ó máa sọ pé òun ń kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa sọ pé ojú ìyá òun wú, àti pé ìyá òun lọ ń nu àwọn ère kéékèèké wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá ń na ìyá. Ó kàn tò ó sílẹ̀: ìró rèé, ojú tó wú rèé, ère rèé. Ẹni tó bá ti gbé ilé ayálégbé rí mọ ìró yẹn.

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: ẹlẹ́rìí tó bá ń parọ́, ìdájọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Á ní ìkà ni, á ní òǹrorò ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí ló ṣe, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kambili ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí ló ń sọ, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀.

Ibì kan tún wà tó kan àwa ọlọ́jà. Lọ́jọ́ kan òun àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ní Enugu níbí, wọ́n bá àwọn sọ́jà tó ń wó ìsọ̀, tó ń fi ẹgba na àwọn ìyá ọlọ́jà, tó ń tapá sí ọjà wọn. Obìnrin kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kambili ò rí ojú obìnrin náà, síbẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n gbé e lọ sílé, ó ń ṣe é bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nígbà tí ọmọ mi kà á débẹ̀, mo ní kó dúró. Ẹ rí i, níta, ọmọ yìí lè pe ẹgba ní ẹgba, ó rí ẹni tó nà, ó rí ẹni tí wọ́n nà. Nílé, ohun kan náà di ìró lára ilẹ̀kùn. Ojú ẹ̀ ò fọ́ nílé o. Ahọ́n ẹ̀ ló so. Ó mọ obìnrin ilẹ̀ yẹn nítorí pé ìyá rẹ̀ ni, kò kàn lè sọ ọ́ ni.

Èkejì ni ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ibẹ̀, ẹ máa fura. Bàbá bàbá rẹ̀, Papa-Nnukwu, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ló ń ṣe. Eugene ò jẹ́ kó wọlé òun. Tí wọ́n bá lọ sí Abba, ìṣẹ́jú 15 péré làwọn ọmọ lè lò lọ́dọ̀ bàbá àgbà, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Kèfèrí ni, ohun tí wọ́n kọ́ Kambili nìyẹn, ohun tó sì ń tún sọ fún wa nìyẹn. Tá a bá gba ẹnu ẹ̀ gbọ́ níbẹ̀, a ti bú àgbàlagbà tí ò ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nígbà tó dé iwájú bàbá àgbà, ó ń wá àmì ohun tí wọ́n kọ́ ọ kiri lára rẹ̀, kò rí i. Ó sì sọ fún wa pé òun ò rí i. Nígbà tó yá ní Nsukka, ó rí i ní ìdájí tó ń gbàdúrà lórí ìta ilé, ó sì gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà fún Eugene, ọmọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán ọmọ yìí. Ojú rẹ̀ ń ta ko ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ ni. Ó ṣe ipò kejì ní kíláàsì, ó ń sọ ọ́ bíi pé ó pa èèyàn. Bàbá á máa fún wọn ní tíì rẹ̀ tọ́wò, tíì gbígbóná, ahọ́n á bó, Kambili á sì sọ pé ìfẹ́ bàbá ló ń wọ òun lára. Nígbà tí bàbá da omi gbígbóná sí wọn lẹ́sẹ̀ nítorí pé wọ́n bá bàbá àgbà sun ilé kan náà, omijé wà lójú bàbá, ó ní fún ire wọn ni. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ohun tó jó ahọ́n ẹ̀, òótọ́ ni. Orúkọ tó pè é ni ẹ yẹ̀ wò.

Síbẹ̀ kí bàbá wa ní Kaduna gbọ́ eléyìí dáadáa: ìfẹ́ tó ní sí bàbá rẹ̀, òótọ́ nìyẹn náà. Owó ilé ìwé tó ń san fún ọmọ ọlọ́mọ, òótọ́ ni. Ìgboyà rẹ̀ níwájú ológun, òótọ́ ni. Ẹ ní ta ló gbọ́ ti bàbá. Ọmọ náà gan-an ló ń rò ti bàbá láti ojú ìwé kìíní títí dé ìkẹyìn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni. Ọmọ tó fẹ́ bàbá ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ohun tó ń sọ ṣì ń dá bàbá lẹ́bi, ẹ̀rí wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹnu ò lè gbé. Ìka ọwọ́ òsì Jaja kan wà tí kò gún. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kùnà ìbéèrè méjì nínú ìdánwò katikísìmù, bàbá mú un lọ sókè, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìka yẹn ò jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Kambili mọ̀ pé Jaja ti sọ ọ́ fún Aunty Ifeoma, ẹnu yà á, bíi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣí. Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé tí ọmọdé ń sọ, ẹ máa wo ibi tó ti dákẹ́, ibi tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ère nígbà tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ìyá.

Kí ẹ sì wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Òǹkọ̀wé fi wọ́n síbẹ̀ fún wa. Ẹ wo ojú Ifeoma nígbà tó bá wo àwọn ọmọ yìí. Ẹ wo Amaka, ọmọ Ifeoma, tó ń bi í kí ló dé tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ń rojọ́: wọ́n ní onígbèéraga ni, pé tí ilé ìwé bá ti parí, á sáré lọ, kì í dúró bá ẹnì kankan ṣeré. Ẹni tó bá gbọ́ tiwọn nìkan á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwa tá a gbọ́ ti Kambili mọ̀ pé awakọ̀ ń dúró dè é, bàbá sì ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ rí i pé ọmọdé tó ń sọ ìtàn lè ṣìnà, àwọn tó ń wò ó láti ìta náà lè ṣìnà jù ú lọ.

Ohun kan wá wà tí ojú tó mú yẹn ò rí rárá, ìyá rẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbin ló ń fi hàn wá. Ẹni tó ń gbé tíì, tó ń nu ère. Obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn ló fi májèlé sínú tíì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ mi pariwo nígbà tó kà á débẹ̀. Èmi náà ò fura, nítorí pé ojú Kambili ni mo fi ń wo ilé náà. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Ọmọ kì í sábà rí ìyá rẹ̀ bí èèyàn tó ní ọkàn tirẹ̀, ìyá ni ó rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọmọ lè má parọ́ kí ìwọ sì ṣìnà.

Ohùn kẹrin

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó kàn mí.

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 13 ni. Ó ti tó ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ti fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n rán an nílé ìwé, kó máa bá mi dúró sí ìsọ̀ tó bá dé. Ọmọ tó mọ owó kà ni, kì í ṣàwàdà pẹ̀lú ṣéńjì.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo lọ gba ẹrù ní páàkì, mo fi í sí ìsọ̀. Ìgbà tí mo dé, owó ò pé. Ẹgbàá mẹ́sàn-án ló fò, 18,000 náírà. Mo pè é. Mo ní, "Ta ló wá síbí?" Ó ní kọ́sítọ́mà méjì, ó sọ ohun tí wọ́n rà àti iye tó gbà. Ó bára mu. Mo ní, "Àjèjì kankan wọnú ìsọ̀ lẹ́yìn wọn?" Ó ní, "Rárá, Màmá, àjèjì kankan ò wọlé." Mo ní báwo lowó ṣe wá fò. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Bóyá èmi ni mo kà á ṣì, Màmá."

Mo nà án. Mi ò ní fi bò fún yín. Mo nà án níwájú àwọn tá a jọ ń tà, ìyá Ìgbò tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó ń bẹ̀ mí. Òun ló mú owó yẹn. Ó wá kí mi, kò bá mi, nǹkan le fún un, ó rán ọmọ pé kó lọ ra omi wá, ó sì mú un. Mo pe ọmọ náà. Mo ní, kí ló dé tí o ò sọ pé Bọ̀ọ̀dá wá? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bi mí bóyá àjèjì wá ni. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe àjèjì." Ó tún wá ní, "Bọ̀ọ̀dá kì í jalè."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Kò parọ́ kan fún mi. Ohun tó rí, ó sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, débi iye owó. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, pé ẹ̀gbọ́n tàbí bọ̀ọ̀dá ẹni kì í jalè, ó gbà á gbọ́. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ò lè gbé, ó fi sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ ò wá bára mu mọ́, ó gbé ẹ̀bi lé orí ara rẹ̀, bí Kambili ṣe ń ṣe. Èmi ni mi ò mọ ọ̀rọ̀ tú. Mo bi í ní ìbéèrè kan, mo gba ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn.

Lóòótọ́, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ra bàtà fún un, mo rò pé ó ti tán. Ìgbà tá a wá ń ka ìwé yìí nínú òjò, òun náà wà níbẹ̀, ó ń ká àdìrẹ, ó ń gbọ́. A kà á dé ibi tíì gbígbóná yẹn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé kò ká aṣọ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa. Mo ń rántí pé gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, tó bá bi í pé báwo ni ibẹ̀, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa." Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn èèyàn. Mi ò bi ara mi rí pé ibo ni mo máa ń wà tó bá ń sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń wà. Fóònù mi ló fi ń sọ ọ́. Èmi ni mò ń bọ́ ọ, èmi ni mò ń san owó ilé ìwé, èmi náà ni mo nà án lọ́jà. Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ ti Kambili. Láti ibi tí mo dúró sí, mi ò lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bàbá wa, èyí ni ìdáhùn mi. Ẹ gba ohun tí ọmọ fojú rí gbọ́, ẹ fara balẹ̀ sí ìtumọ̀ tó fún un, kí ẹ sì wo ibi tó ti dákẹ́. Ẹ má gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó kà á, ẹ sì jọ kà á tí ààyè bá wà. Tó bá ní bàbá Kambili burú, ẹ bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ní ó dáa, ẹ bi í bákan náà. Ẹ máa gbọ́ nǹkan.

Ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbé lọ́dọ̀ yín, tí wọ́n ń dúró sí ìsọ̀ yín, tí owó bá fò, ẹ bi í pé ta ló wá, ẹ má bi í pé ta ni olè. Kí ẹ sì fún un ní fóònù nígbà míì, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀, kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé fóònù fún un, mo lọ jókòó lọ́dọ̀ ìyá alátà. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Mi ò bi í ohun tó sọ. Ó jókòó tì mí, ó mú aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi dùn mí tó ọ̀sẹ̀ kan." Mo ní, "Mo gbọ́." Ìyẹn ni ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé.

 Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sí i, kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí alága tún ti gúrúùpù pa. Ọjà á tà o. A ò ní ṣòfò nílẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sí wa lọ́wọ́ náà ò ní ṣòfò lọ́wọ́ wa. Ó dàárọ̀ o.